Àṣẹ́kù Wàrà Igbẹ́kọ̀yí

Wọ́n sin Dúpẹ́ ní àárọ̀. Kí oòrùn tó dé àtàrí, ọmọ tó bí ti ń ké fún ebi.

Fágbénró, bàbá Dúpẹ́, jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ó ń gbọ́ igbe náà. Ó ti sin bàbá rẹ̀, ó ti sin ìyá rẹ̀. Kò sin ọmọ rí. Erùpẹ̀ sàréè ṣì wà ní èékánná rẹ̀. Ó ń wò ó. Kò yọ ọ́.

Ní ìdílé wọn, bí ènìyàn bá kú, wọn a fọ́ àmù omi rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Ti obìnrin tó kú lórí ìkúnlẹ̀ nìkan ló yàtọ̀. Wọn a pọn omi tuntun sí tirẹ̀, wọn a fi àwo dé e, wọn a sì fi amọ̀ tútù rẹ́ ẹnu rẹ̀ pa. Àmù náà yóò wà ní igun yàrá rẹ̀ títí di ọjọ́ tí ọmọ tó fi sílẹ̀ bá dá jókòó. Ọjọ́ náà ni wọn yóò gbé e lọ sí etí igbó láti fọ́ ọ. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣí i ṣáájú ìgbà náà. Àwọn àgbà ní ìyá ọmọ kò tíì lọ. Ó dúró lójú ọ̀nà, ó ń wẹ̀yìn wo ọmọ rẹ̀.

Bùsáyọ̀, ìyàwó Fágbénró, ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ rẹ́ amọ̀ náà. Ó rẹ́ ẹ, ó tún un rẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ kí iṣẹ́ náà tán. Ìtẹ̀ka rẹ̀ yí ẹnu àmù náà ká.

Ọkùnrin ni ọmọ náà. Igbẹ́kọ̀yí ni wọ́n sọ ọ́. Méjì ti wá sọ́dọ̀ Dúpẹ́ ṣáájú rẹ̀, méjèèjì ló padà. Wọ́n bẹ igbó pé kó kọ èyí.

Luc, ọkọ Dúpẹ́, ń wa ọkọ̀ akẹ́rù láàrin Nọ̀tsé àti Lomé. Ó wá, ó sunkún, ó padà sídìí ọkọ̀. Kò sí ẹni tó bú u. Àwọn obìnrin tó ń tọ́mọ lọ́wọ́ ní abúlé náà kò fẹ́ fi ọmú sí ẹnu ọmọ tí àmù ìyá rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀. Wọn kò sọ ọ́. Wọ́n kàn ń gba ẹ̀yìn ilé kọjá ni.

Báyìí ni Igbẹ́kọ̀yí ṣe di ọmọ wàrà agolo.

Geneviève, nọ́ọ̀sì tó wà ní ilé ìwòsàn kékeré lójú ọ̀nà Datcha, ló kọ́ wọn. Ọmọ ẹ̀yà Ewé ni. Ó ń sọ Ifẹ̀, èdè abúlé wọn, bí ẹni tó ń gun òkè Atakpamé, ó ń sinmi láàrin ọ̀rọ̀. Ó fi ọṣẹ fọ ọwọ́ rẹ̀ níwájú wọn dé ìgbọ̀nwọ́. Ó se ife àti ṣíbí nínú omi híhó. Ó ní kí wọ́n má lo ìgò ọlọ́mú, kọ̀rọ̀ inú rẹ̀ pọ̀ jù, ọwọ́ kò lè fọ̀ ọ́ dé ìdí. Ife ni kí wọ́n lò. Ọmọ ọwọ́ pàápàá mọ bí wọ́n ṣe ń lá omi létí ife.

"Ẹ jẹ́ kí omi hó kútúkútú," ó sọ. "Ẹ sọ ọ́ kalẹ̀, ẹ dé e, kó sinmi díẹ̀. Àmọ́ kó má tutù. Gbígbóná rẹ̀ ló ń pa ohun tó bá sá pamọ́ sínú ìyẹ̀fun."

"Ìyẹ̀fun náà mọ́," ni Bùsáyọ̀ sọ.

"Ó mọ́ lójú, màmá. Ojú kọ́ la fi ń mọ èyí."

Ó bu ìyẹ̀fun pẹ̀lú ṣíbí inú agolo, ó fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ gé orí rẹ̀ dọ́gba. Ó ní tó bá pọ̀ jù, á le mọ́ ọmọ nínú. Tó bá kéré jù, ebi á máa pa á nígbà tí ikùn rẹ̀ kún. Ó rò ó pọ̀. Ó gbé ife náà sínú abọ́ omi tútù títí ó fi lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó kán díẹ̀ sí ọrùn ọwọ́ ara rẹ̀. Ìgbà náà ló tó gbé ọmọ.

"Èyí tó bá fi sílẹ̀ ńkọ́?" Bùsáyọ̀ bi í.

"Ẹ dà á nù. Ẹ má fi pamọ́, ẹ má tún un gbé kaná. Itọ́ rẹ̀ ti wọ inú rẹ̀. Kò ní pẹ́ tí á fi di nǹkan mìíràn."

"Ibo la ó dà á sí?"

Geneviève rẹ́rìn-ín. "Ilẹ̀, màmá. Ilẹ̀ náà ni."

Bùsáyọ̀ wo ọkọ rẹ̀. Fágbénró wo òrùlé. Wọ́n dúpẹ́, wọ́n gbé ọmọ wọn, wọ́n lọ.

Nọ́ọ̀sì kò mọ̀. Ní ilé wọn, wàrà kì í kan ilẹ̀. Bí omi ọmú obìnrin bá kán sílẹ̀, á yára fi ẹsẹ̀ pa á rẹ́. Wàrà tó bá kan ilẹ̀, ti òkú ni. Òkú tó bá tọ́ oúnjẹ ọmọ wò, á fẹ́ rí ẹni tó ni oúnjẹ. Ta ni yóò wá da wàrà Igbẹ́kọ̀yí sílẹ̀ nínú ilé tí àmù Dúpẹ́ wà?

Gbogbo ohun yòókù tí nọ́ọ̀sì kọ́ wọn ni wọ́n ń ṣe, wọn kò yẹ̀. Bùsáyọ̀ ń se ife bí ẹni ń se iṣu. Àṣẹ́kù wàrà nìkan ni wọn kò dà nù. Wọ́n mú igbá kékeré kan, èyí tí Dúpẹ́ fi máa ń mu ẹ̀kọ láti kékeré. Wọ́n da àṣẹ́kù sínú rẹ̀, wọ́n dé e, wọ́n gbé e sórí pẹpẹ ní yàrá Dúpẹ́, lókè àmù. Kò kan ilẹ̀, kò wọ ẹnu ẹnikẹ́ni. Wọ́n rò pé wọ́n ti rí ọgbọ́n dá.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, igbá náà ti gbẹ.

"Eku ni," Fágbénró sọ.

"Eku tó ṣí igbá?" Bùsáyọ̀ bi í. "Tó sì tún un dé?"

"Eku ilé yìí gbọ́n."

Wọ́n tún da òmíràn sí i. Ó tún gbẹ. Lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, wọ́n bá igbá náà ní dídojúbolẹ̀, ìdérí rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹni kan ti fọ̀ ọ́. Àwọn méjèèjì dúró, wọ́n ń wò ó. Dúpẹ́ ló máa ń da igbá rẹ̀ dojú bolẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àtikékeré ló ti ń ṣe é, kí aláǹgbá má baà yàgbẹ́ sí i.

Bùsáyọ̀ lọ dáná.

Nígbà tí agolo wàrà fẹ́ tán, Fágbénró lọ sí ọjà Atakpamé. Ọ̀dọ̀ Àwẹ̀ní ló ń rà á. Ìmàle ni Àwẹ̀ní; bàbá rẹ̀ ló ti ilẹ̀ Nàìjíríà wá ṣòwò tí kò sì padà mọ́. Ẹnu obìnrin náà mú.

"Bàbá oníṣu, ẹ káàbọ̀! Wàrà yìí mà ń tán kíákíá o. Àbí ẹ̀yin lẹ ń mu ún?"

"Eyín tó kù lẹ́nu mi kò fi bẹ́ẹ̀ ju ti ọmọ náà lọ."

"Ẹ kúkú gbé ife lọ́tọ̀ fún ara yín!" Àwẹ̀ní rẹ́rìn-ín títí gèlè rẹ̀ fi yẹ̀. Ó yan agolo kan, ó yí ìdí rẹ̀ sókè. "Ẹ wò ó, ọjọ́ rẹ̀ ṣì jìnnà. Èyí tí ara rẹ̀ bá ti tẹ̀, ẹ má gbà á, bí wọ́n bá tilẹ̀ fi ta yín lọ́rẹ. Ibo lẹ ń gbé e sí nílé?"

"Yàrá mi. Lórí pẹpẹ."

"Ó dáa. Kó jìnnà sí ààrò, kó jìnnà sí omi. Ẹ dé e le. Ẹ má ki ṣíbí tútù bọ̀ ọ́." Ó fi ìwé ìròyìn wé agolo náà. "Ìyá ọmọ ńkọ́? Ara rẹ̀ ti ń mókun?"

Fágbénró kò tíì sọ fún un. Ó la ẹnu láti sọ ọ́.

"Ó wà nílé," ó sọ.

Kò mọ ohun tó mú kó sọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà tẹ̀ lé e dé ibi ọkọ̀, ó tẹ̀ lé e bọ̀ láti ojú títì.

Ọ̀sán gangan ló dé abúlé. Ìgbà ọyẹ́ ni, ojú ọ̀run funfun bí ẹfun, kò sí òjìji lẹ́yìn ohunkóhun. Gbogbo ènìyàn ti lọ sí oko òwú. Adìyẹ pàápàá kò ké. Ilẹ̀kùn yàrá Dúpẹ́ ṣí sílẹ̀. Obìnrin kan lóṣòó sídìí àmù, ó kẹ̀yìn sí i. Ó ró aṣọ aláró. Ejìká rẹ̀ ń mì díẹ̀díẹ̀, bí ti ẹni tó ń fọ nǹkan.

"Ìyá Dúpẹ́," Fágbénró pè é, "kí lo ń ṣe níbẹ̀?"

"Èmi rèé o, Bàbá Dúpẹ́."

Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ohùn náà ti wá. Bùsáyọ̀ ń bọ̀ láti ọ̀nà odò, ọmọ lẹ́yìn rẹ̀, ìdì igi lórí rẹ̀. Aṣọ pupa ló ró.

Fágbénró yíjú padà. Kò sí ẹnì kankan nínú yàrá. Igbá wà lórí pẹpẹ ní dídojúbolẹ̀. Omi kan rọ̀ sétí rẹ̀. Ó ń wò ó títí ó fi já bọ́.

Aṣọ aláró kan ṣoṣo ni Dúpẹ́ ní. Òun ni wọ́n fi wé e sin.

"Ta lẹ ń bá sọ̀rọ̀?" Bùsáyọ̀ bi í.

"Èmi àti ara mi ni."

"Ẹ rọra. Ẹ kò tíì darúgbó tó bẹ́ẹ̀."

Ní ìrọ̀lẹ́, ó gbé ọtí sódàbì díẹ̀, ó lọ bá Fọlọ́runṣọ́, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ìgbà èwe. Fọlọ́runṣọ́ gbóòórùn rẹ̀.

"Fágbénró, wàrà lò ń rùn. Ìgbà wo lo bímọ?"

"Fi mí sílẹ̀."

"Mo gbọ́ pé o ti mọ bí wọ́n ṣe ń gbé ọmọ gùfẹ́. Kọ́ mi. Ìyàwó mi ní n kò wúlò."

Fágbénró kò rẹ́rìn-ín. Ó sọ ohun tó rí fún un. Fọlọ́runṣọ́ gbé ife rẹ̀ sílẹ̀.

"Ṣé ó ń mu ún tán?"

"Ó ń mu ún tán."

"Ó ń tọ́ ọ wò ni. Bó bá mọ adùn rẹ̀ tán, á wá ẹni tó ni ín." Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Má fi lé e lọ́wọ́ mọ́. Gbé e pamọ́ fún un."

Bẹ́ẹ̀ ni Fágbénró ṣe. Agolo tó ṣófo wà nílé. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í da àṣẹ́kù sínú rẹ̀, ó ń fi ọ̀rá di ẹnu rẹ̀, ó ń dé e le. Ó gbé e sórí pẹpẹ ní yàrá tirẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ agolo tó ní ìyẹ̀fun. Kò sọ fún ìyàwó rẹ̀. Kò fẹ́ kó mọ ohun tí òun rí ní ọ̀sán. Ó ní tó bá kún, òun á gbé e lọ síbi jíjìn, òun á so ó rọ̀ sórí igi.

Igbá Dúpẹ́ wà lófìfo.

Ní àfẹ̀mọ́júmọ́, Fágbénró gbọ́ ìró kan láti yàrá Dúpẹ́. Ìró ìka ni, ìka tó ń há inú igbá. Ó há a, ó dúró. Ó tún há a. Ó dà bí ẹni tó ń wá ohun tó sọ nù.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, igbá náà kò sí lórí pẹpẹ mọ́. Ó wà ní ẹnu ọ̀nà yàrá Dúpẹ́, ó sì dojú sókè. Ó gbé e padà. Lọ́jọ́ kejì, ó bá a láàrin àgbàlá.

"Ìyá Dúpẹ́, ìwọ lo gbé igbá síbí?"

"Èmi ni mo fẹ́ bi yín bẹ́ẹ̀."

Wọ́n wo ara wọn. Ọmọ rẹ́rìn-ín lẹ́yìn Bùsáyọ̀, ó ń wo ibi tí kò sí ẹnì kankan.

Lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, ẹnu ọ̀nà yàrá Fágbénró ni igbá náà wà. Bó ti ń jáde ló fẹsẹ̀ gbá a. Ó dúró lórí rẹ̀. Ó dà bí ọwọ́ tí wọ́n nà sí i.

"N kò ní fún ọ," ó sọ jẹ́jẹ́. "Ọmọ yìí kò lọ síbì kankan."

Ó ti igbá náà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó lọ sí oko.

Kò pẹ́ lóko. Ọkọ́ kò dúró lọ́wọ́ rẹ̀. Ó padà kí oòrùn tó le, ó sì gbọ́ igbe Bùsáyọ̀ láti ìdí igi òrí tó wà lójú ọ̀nà.

Igbẹ́kọ̀yí wà lórí itan Bùsáyọ̀. Ó ti bì, ó ti bì, kò ku ohun tó lè bì. Ìgbẹ́ rẹ̀ ń ṣàn bí omi. Ojú rẹ̀ ti wọnú. Òkè orí rẹ̀, níbi tó máa ń mì, ti jin bí ojú ṣíbí. Kò sunkún mọ́. Èyí ló ba Fágbénró lẹ́rù jù.

Ó wọ yàrá Dúpẹ́. Ó dúró níwájú àmù.

"Dúpẹ́," ó sọ, "mo bí ọ. Mo gbé ọ sí èjìká lọ sí oko. Fi ọmọ yìí sílẹ̀. Bó bá jẹ́ èmi lo fẹ́, mo ti ṣetán."

Igbá kò sí lórí pẹpẹ. Ó wò káàkiri, kò rí i.

Ó lọ sí yàrá tirẹ̀ láti mú aṣọ tí wọn yóò fi gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn. Ibẹ̀ ni igbá náà wà. Ó wà lórí pẹpẹ, ó bo orí agolo àṣẹ́kù bí àkẹtẹ̀. Ó gbé e kúrò. Ọ̀rá tó fi di agolo náà ti tú. Ó gbé agolo, ó fúyẹ́. Òórùn kíkan jáde láti inú rẹ̀, ó gún un nímú.

Ó gbé agolo náà jáde.

"Ìyá Dúpẹ́. Ta ló mú ohun tó wà nínú èyí?"

Bùsáyọ̀ gbójú sókè. "Èmi ni. Igi tutù, iná kọ̀, omi kò hó. Ó ń ké. Mo wọlé láti mú ìyẹ̀fun, mo bá wàrà pípò nínú agolo kejì. Mo ní ẹ̀yin lẹ pò ó sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó lọ. Mo gbé e sórí ẹ̀yinná díẹ̀, mo fún un." Ó fa ọmọ mọ́ra. "Kò fẹ́ ẹ. Ó ń yí orí. Mo rò pé ó ń ṣe ìjọ̀ngbọ̀n ni."

"Àṣẹ́kù ni," Fágbénró sọ. "Ti àná, ti ìjẹta, ti ẹ̀yìn rẹ̀."

Bùsáyọ̀ fi ọwọ́ bo ẹnu.

Fágbénró wo igbá tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Inú rẹ̀ mọ́, ó ń dán. Ó rántí omi tó ń kán létí rẹ̀. Ó rántí ìka tó ń há a ní àfẹ̀mọ́júmọ́, àti bó ṣe ń súnmọ́ ilẹ̀kùn òun lójoojúmọ́. Kì í ṣe ẹni tó ń tọ́ oúnjẹ ọmọ wò ni. Ìyá tó ń palẹ̀ mọ́ ni. Ó ń kó ohun búburú kúrò lójú ọ̀nà ọmọ rẹ̀, bàbá rẹ̀ sì gbé e pamọ́ fún un.

Kò sọ ọ́. Kò sí àyè. Ó sáré lọ pe Fọlọ́runṣọ́, Fọlọ́runṣọ́ gbé alùpùpù rẹ̀ jáde. Bùsáyọ̀ jókòó láàrin pẹ̀lú ọmọ, Fágbénró jókòó sẹ́yìn. Ìgbà tí wọ́n kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtẹ́ òkú, kò yíjú síbẹ̀.

Geneviève wo ọmọ náà lẹ́ẹ̀kan, ó ti ṣí àpótí. Ó po omi oníyọ̀ àti ṣúgà ti inú ọ̀rá. Ó ń fi ṣíbí kán an sẹ́nu ọmọ díẹ̀díẹ̀, ó ń dúró, ó tún ń kán an. Ó ní bí kò bá dúró nínú rẹ̀, àwọn á gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní Atakpamé, wọ́n á fi omi sí i lára.

"Kí ló mu?" ó bi wọ́n.

"Àṣẹ́kù," Fágbénró dáhùn.

Nọ́ọ̀sì kò pariwo. Ì bá sàn fún wọn kó pariwo.

"Papa, mo ní kí ẹ dà á nù."

"O sọ bẹ́ẹ̀."

"Kí ló dé tẹ́ ò dà á?"

"Wàrà kì í kan ilẹ̀ nílé wa."

Geneviève gbójú sókè. Ó kán omi mìíràn sẹ́nu ọmọ. "Èmi kò mọ ìyẹn. Ẹ̀ bá ti sọ ọ́ fún mi. Ohun tí mo mọ̀ ni pé kò gbọdọ̀ padà sí ẹnu rẹ̀ mọ́. Ibi yòówù kó gbà lọ."

Wọ́n jókòó tì í. Ṣíbí ń lọ, ṣíbí ń bọ̀. Omi náà dúró nínú ọmọ. Ní ìrọ̀lẹ́, ó tọ̀. Bùsáyọ̀ fi ọwọ́ kan ibi tó tutù lára aṣọ rẹ̀, ó ń fi han ẹni gbogbo bí ẹni rí wúrà. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, Igbẹ́kọ̀yí sì ké. Ó ké fún ebi, pẹ̀lú ohùn tó le.

Geneviève po wàrà tuntun. Ọmọ mu, ó mu kọjá ìdajì, ó yí orí kúrò. Ó ku díẹ̀ nínú ife. Gbogbo wọn wo ife náà.

Fágbénró na ọwọ́. Ó gba ife, ó gbé e sẹ́nu, ó mu ún tán. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu irùngbọ̀n rẹ̀.

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Bùsáyọ̀. Láti ọjọ́ ìsìnkú, kò rẹ́rìn-ín rí. "Ẹ wo Bàbá Dúpẹ́! Kí n gbé yín gùfẹ́?"

"Kò dùn," Fágbénró sọ. "Kò korò."

Nígbà tí wọ́n padà délé, ó gbé igbá náà lọ sí yàrá Dúpẹ́. Ó gbé e sórí pẹpẹ, ó dà á dojú bolẹ̀ bí ẹni tó ni ín ṣe ń ṣe é.

"Mo ti gbọ́," ó sọ fún àmù. "Ìwọ sinmi. Èmi ni n ó máa gbé e kúrò báyìí."

Bẹ́ẹ̀ ló rí. Ìgbàkúùgbà tí ọmọ bá fi wàrà sílẹ̀, bàbá àgbà a mu ún lójú ẹsẹ̀, kó tó tutù. Bí kò bá sí nílé, Bùsáyọ̀ a mu ún. Fọlọ́runṣọ́ fi í ṣe yẹ̀yẹ́ jákèjádò abúlé. Ó ní Fágbénró ti ń hu eyín tuntun. Àwẹ̀ní ní ọjà béèrè bóyá kí òun kó agolo méjì fún un. Fágbénró ní kó kó o.

Igbá náà kò kúrò níbi tí wọ́n gbé e sí mọ́. Kò sí ìró ní àfẹ̀mọ́júmọ́.

Òjò dé. Àgbàdo yọ ọmọ. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Bùsáyọ̀ gbé Igbẹ́kọ̀yí kalẹ̀ lórí ẹní láti tún ìró rẹ̀ ró. Nígbà tó yíjú padà, ọmọ náà jókòó. Kò faratì nǹkan kan. Ó ń lu ilẹ̀ pẹ̀lú àtẹ́lẹwọ́.

Bùsáyọ̀ pe ọkọ rẹ̀. Ó pè é jẹ́jẹ́.

Wọn kì í jẹ́ kí ìyá òkú tẹ̀ lé àmù. Fágbénró nìkan ló wọlé. Ó yẹ amọ̀ tó wà lẹ́nu rẹ̀ wò kó tó gbé e. Kò là, kò yẹ̀. Ìtẹ̀ka Bùsáyọ̀ ṣì yí i ká bó ṣe wà lọ́jọ́ ìsìnkú. Ó gbé e sórí òṣùká, ó gbé e rù. Ó wúwo, àmọ́ omi kò dún nínú rẹ̀. Ó ń rìn, ó ń tẹ́tí. Kò dún.

Ní etí igbó, ó gbé e sókè, ó fi lu òkúta. Ó fọ́.

Omi kankan kò jáde.

Inú rẹ̀ funfun láti ìdí dé ibi tó ga tó àtẹ́lẹwọ́. Ó ti gbẹ, ó ti dì, ní ipele lórí ipele, bí ẹni tó ń da díẹ̀ sórí díẹ̀ lójoojúmọ́. Fágbénró bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó fọwọ́ kàn án, ó gbé ìka sí imú. Ó mọ òórùn náà. Gbogbo ohun tí Igbẹ́kọ̀yí fi sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, kí òun tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e pamọ́, ló wà níbẹ̀. Dúpẹ́ kò mu ún. Ẹ̀kán kan kò lọ sí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀. Ó kàn ń tọ́jú rẹ̀ síbi tí ọwọ́ ọmọ kò lè tó ni.

Wàrà tó bá kan ilẹ̀, ti òkú ni. Fágbénró mú àpáàdì kan, ó fi há a kúrò lára àmù, díẹ̀díẹ̀, títí ó fi tán. Ó jẹ́ kó kan ilẹ̀.

"Tìrẹ nìyí," ó sọ. "Ọmọ ti jókòó."

Ó dìde. Wọn kì í wẹ̀yìn tí wọ́n bá ti fọ́ àmù. Ó dojú kọ ilé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Kò tíì rìn jìnnà tó fi gbọ́ ìró mímu lẹ́yìn rẹ̀, jẹ́jẹ́, bí ẹni tí òùngbẹ ti gbẹ fún ìgbà pípẹ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà láàyè láti mu.

Kò wẹ̀yìn. Ó ń lọ sílé. Àkókò wàrà ọmọ ti tó.